Ta Ló Yẹ Kí Ó Bo Àṣírí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Òwe yìí ni ẹbí wa dì mú ní gbogbo ọdún tí àbúrò bàbá mi fi ń mu ọtí àmujù. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, níbí ní Àgbàdo-Èkìtì. Bí oníbàárà bá wá béèrè iṣẹ́ tó ti sanwó rẹ̀, a máa ń sọ pé ibà ló dá wọn dùbúlẹ̀. Bí wọ́n bá ṣubú sẹ́nu ọ̀nà, a máa ń yára gbé wọn wọlé, a ó sì ti ilẹ̀kùn. A rò pé àṣírí wọn là ń bò, ṣùgbọ́n inú ilé tí a tì mọ́ wọn náà ni wọ́n ti ń mu ún. Ìdí nìyí tí mo fi béèrè pé: ọ̀rọ̀ ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, ṣé ó yẹ kí a bò ó ni, àbí ó yẹ kí a sọ ọ́?

Àwọn tó ní kí a bò ó kò jẹ̀bi pátápátá. Àgbàdo kì í ṣe Èkó. Ohun tí a bá sọ láàárọ̀ lè dé ọjà kí oòrùn tó kàntàrí. Ní ilé ìwé, mo ti gbọ́ tí wọ́n pe ọmọ kan ní “ọmọ ọ̀mùtí” nítorí ìgò kan péré tó ra fún bàbá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Akron, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù karùn-ún ọdún 1935. Bill Wilson, oníṣòwò láti New York, ti jáwọ́ nínú ọtí fún oṣù mélòó kan. Òwò tó bá dé Akron forí ṣánpọ́n, òǹgbẹ ọtí sì tún dé. Dípò kó wọ ilé ọtí, ó wá ọ̀mùtí mìíràn tí yóò bá sọ̀rọ̀. Wọ́n mú un mọ dókítà kan, Bob Smith. Wilson kò wàásù fún un, ìtàn ara rẹ̀ ló sọ. Nínú oṣù kẹfà, Smith mu ọtí kẹ́yìn láyé rẹ̀. Báyìí ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìpàdé wọn kò le. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Ẹni tó bá ṣáà ti fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí ti di ọmọ ẹgbẹ́. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n fi ń pe ara wọn, ohun tí a bá sì gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ là ń fi í sí. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ yẹ ìwádìí 27 wò, èyí tó kan àwọn ènìyàn tó lé ní 10,000. Wọ́n rí i pé ìtọ́jú tó ń darí ènìyàn sí ẹgbẹ́ yìí sábà máa ń ju àwọn ìtọ́jú mìíràn lọ ní mímú kí ènìyàn takété sí ọtí.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó nìyẹn. N kò gbà. Ṣé àwọn bàbá wa kò mọ àáró ni? Lónìí, a ó jọ ro oko tìrẹ. Lọ́la, a ó jọ ro tèmi. Kò sí alágbe nínú àáró, nítorí ẹni tó gba ìrànlọ́wọ́ náà ni olùrànlọ́wọ́. Ẹ tún rántí Ọbàtálá, tó mu ẹmu yó lójú ọ̀nà, tí iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn olùsìn rẹ̀ kò bo ìtàn náà. Wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n sì jọ ń yẹra fún ẹmu títí di òní.

Nígbà tí mo fi fóònù wá ìpàdé fún àbúrò bàbá mi, mo rí i pé èyí tó wà ní Èkó jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n òmíràn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kò béèrè iye tí dátà yóò ná wọn. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, “Ta ni yóò gbọ́?” Ìbéèrè yẹn ló là mí lójú. Kì í ṣe ìtìjú wọn nìkan ló dè wọ́n mọ́lẹ̀, ahọ́n wa náà wà níbẹ̀.

Dókítà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ rí, nítorí ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tó wá dá a dúró lójijì, lè máa gbọ̀n, gìrì sì lè mú un. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú irú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Mo máa ń yá wọn ní fóònù mi, wọn a wọ yàrá, wọn a ti ilẹ̀kùn fúnra wọn. N kì í dúró sí ìtòsí. Wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà, wọ́n sì padà síbẹ̀. Àwọn ni wọ́n fún mi láyè kí n kọ èyí.

Ìdáhùn mi nìyí: ẹni tó ni ẹ̀dùn ló yẹ kó sọ ọ́, ẹni tó gbọ́ ọ ló yẹ kó bò ó. Àwa ti pààrọ̀ iṣẹ́ méjèèjì. À ń pa ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́, ẹni tó yẹ kó dákẹ́ ló wá ń rojọ́ kiri. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, kí a tó béèrè ìdí tí ọ̀mùtí kò fi wá ìrànlọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa bóyá a lè gbọ́, kí a má sì sọ.