Òkúta Ẹ̀yìn Táyà

Ta ló ni òkúta tí wọ́n fi há ẹ̀yìn táyà lórí òkè, lẹ́yìn tí mọ́tò ti lọ? Ó lè dún bí àwàdà létí ẹni tí kò gbé Abẹ́òkúta rí. Ní Ìjẹmọ̀ àtàwọn àdúgbò mìíràn tó jókòó sórí àpáta, kì í ṣe àwàdà. Tí òjò bá rọ̀, erùpẹ̀ pupa á ṣàn bo ojú ọ̀nà. Micra tó kó èrò kún á gùn dé ìdajì òkè, táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan. Àwọn ọmọ àdúgbò á sáré gbé òkúta, wọ́n á fi há a lẹ́yìn, wọ́n á da yanrìn síwájú, àwọn mìíràn á máa tì í. Mọ́tò á ta kúrò, gbogbo èèyàn á hó yèè. Òkúta á wà níbẹ̀. Tílẹ̀ bá ṣú, ọlọ́kadà kan ń bọ̀ tí iná rẹ̀ ò mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ohun tí à ń bi ara wa nìyí: ohun tí èèyàn fi gba ara rẹ̀ là lójú ọ̀nà, ṣé tirẹ̀ nìkan ni?

Àwọn tó ń wakọ̀ nínú yìnyín ti ń bá ìbéèrè yìí jà tipẹ́. Ní 1904, Harry Weed, ará ìpínlẹ̀ New York, gba ìwé àṣẹ fún ṣéènì tí wọ́n ń wé mọ́ táyà kó lè di ilẹ̀ mú. Ṣéènì dáa, àmọ́ tí yìnyín bá ti tán lójú títì, ó di dandan kí awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ tú u, torí á máa họ títì, á sì ba táyà jẹ́. Àwọn mìíràn gbé táyà oníṣòó dé, tí irin kéékèèké yọ lójú rẹ̀ bí èékánná. Ìyẹn náà di yìnyín mú. Ṣùgbọ́n irin yẹn ń ha títì, eruku rẹ̀ sì ń fò wọ imú ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Jámánì fòfin dè é. Stockholm ò gbà á ní òpópónà Hornsgatan láti 2010. Ní Oslo, ẹ lè lò ó, àmọ́ ẹ máa sanwó. Àwa fara mọ́ ti Oslo jù. Ó gbà pé ẹ̀rù tó ń ba awakọ̀ kì í ṣe irọ́, síbẹ̀ kò jẹ́ kó di ẹrù rẹ̀ lé ẹlòmíì lórí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ta ló máa gbowó òkúta ní Ìjẹmọ̀ wá? Kò sí. Awakọ̀ á ní tóun bá dúró láti padà wá gbé e, mọ́tò á tún yí sẹ́yìn. Òótọ́ ló sọ. Láyé ọkọ̀ oníkọ́ńdọ́, iṣẹ́ kọ́ńdọ́ ni. Micra ò ní kọ́ńdọ́. Ó wá ku àwa èrò tá a ti sọ̀ kalẹ̀ kí mọ́tò lè fúyẹ́, tọ́wọ́ wa ò dí, tá à ń wo bàtà wa tó kún fún ẹrẹ̀. Lójú tiwa, àwa la jẹ gbèsè yẹn ju awakọ̀ lọ. (Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ irú òkúta bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi í há nǹkan lóru kì í sábà jẹ́ ẹni tó máa kọsẹ̀ lára rẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ táyà fúnra rẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Michelin pa ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tì ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop dáwọ́ dúró n'Íkẹjà ní 2008. Òfin ní kí ẹnikẹ́ni má kó táyà àlòkù ti mọ́tò kéékèèké wọlé, síbẹ̀ tòkunbọ̀ wà káàkiri. Nínú wọn ni táyà òtútù wà, èyí tí wọ́n fi rọ́bà rírọ̀ ṣe fún ibi tí ojú ọjọ́ bá ti wálẹ̀ sí ìwọ̀n 7°C. Ní Austria, tí ilà ojú rẹ̀ bá ti dín sí 4 mm, òfin ò kà á sí táyà òtútù mọ́. Nínú ooru Abẹ́òkúta, rọ́bà yẹn á máa rọ̀ jù, á tètè jẹ, bíréèkì ò sì ní mú bó ṣe yẹ.

Awakọ̀ tí owó táyà tuntun ga jù fún mọ ohun tó ń rà, ebi ló ń lé e. A ò lè pè é ní ìkà. Ṣùgbọ́n èrò tó wọlé sẹ́yìn ò mọ̀, ìyá tó ń dín àkàrà nísàlẹ̀ òkè ò sì bá ẹnikẹ́ni ná an. Ó yẹ kéèyàn lè béèrè, láìsí pé wọ́n bínú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra táyà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí àwòrán òkè onígóńgó mẹ́ta tí yìnyín wà láàárín rẹ̀, táyà òtútù ni. Ẹ tún wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT: 3217 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2017. Tí fọganáísà bá ní tuntun ni jàre, ẹ ní kó fi àkísà nù ún, kẹ́ ẹ jọ kà á.