Ti Ta Ni Ohun Tí A Rí He Lójú Ogun Àtijọ́?

Àwọn àgbà a máa bèèrè pé, bí ẹni tó rí nǹkan he bá fẹ́ kú nítorí rẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ nù ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi wo àwọn kan ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù àti Faransé tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ kiri inú oko. Bí irin bá wà nínú ilẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò ké. Wọn yóò gbẹ́ ibẹ̀, wọn yóò sì mú bọ́tìnnì aṣọ sójà, báàjì fìlà tàbí ọta ìbọn jáde. Ẹlòmíràn ń tọ́jú rẹ̀ sílé, ẹlòmíràn ń tà á.

Ojú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ti 1914 sí 1918, ni àwọn oko wọ̀nyí. Títí di òní, bí àgbẹ̀ bá ń túlẹ̀ ní agbègbè Ypres, ọta àgbá a máa bá ọ̀dùnkún òyìnbó jáde. Etí ọ̀nà ni wọ́n ń kó o sí, kí àwọn ológun tó mọ iṣẹ́ náà wá gbé e. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, ọ̀kan bú gbàù ní Ypres, ó sì pa òṣìṣẹ́ méjì.

Ṣùgbọ́n ti ewu kọ́ ni mo ń sọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò wá mọ́, ṣé ó ti di ti ẹni tó rí i? Àwọn tó ń wá a ní àwíjàre tiwọn: irin náà ń dípẹtà, ohun ìtúlẹ̀ yóò fọ́ ọ, olóko sì ti gbà fún wọn. N kò pe èyí ní asán. Àwọn kan wà láàrin wọn tí wọ́n rí egungun, tí wọ́n dáwọ́ dúró, tí wọ́n sì ránṣẹ́ sí ìjọba.

Ohun tó ká mi lára ni ti orúkọ. Ní ẹnubodè Menin ní Ypres, orúkọ tó lé ní 54,000 ni a gbẹ́ sára ògiri, ti àwọn tí a kò mọ ibojì wọn. Ti Thiepval ní Faransé lé ní 72,000. Ìyá ló bí gbogbo wọn! Láti 1916 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi àmì ìdánimọ̀ méjì kọ́rùn, ṣùgbọ́n irin kọ́, ohun bíi páálí líle ni, ó sì ń jẹrà nínú ilẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí òkú lónìí, báàjì ni yóò sọ ẹgbẹ́ ogun tó wà, ṣíbí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ họ nọ́ńbà sí lára ni yóò sọ ẹni tó jẹ́. Bí ẹnìkan bá ti kọ́kọ́ kó wọn sápò ńkọ́? Wọn yóò sin ín láìlórúkọ.

Ní Fromelles, ní 2009, wọ́n hú òkú 250 jáde láti inú kòtò tí àwọn ará Jámánì sin wọ́n sí lẹ́yìn ìjà oṣù keje 1916. Nípa àyẹ̀wò DNA lára àwọn ẹbí, àti ohun tí wọ́n bá lára àwọn òkú náà, ọmọ Ọsirélíà tó ju 150 lọ ti ní orúkọ padà. Wọ́n rí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin kan níbẹ̀, àlọ àti àbọ̀, láti Fremantle sí Perth. Àwa náà ní ọmọ tó lọ jagun ní Bọ́mà tí kò bọ̀, ẹ mọ ohun tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ fún ìdílé.

Olóko lè fún ènìyàn ní ọ̀dùnkún rẹ̀, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe fúnni ní ohun òkú tí kò mọ̀? Ìwé Diutarónómì orí 22 ní kí a tọ́jú ohun tó sọnù títí olúwa rẹ̀ yóò fi wá a. Ẹni tiwa yìí kò lè wá mọ́. Lójú tèmi, ìyẹn kò sọ ọ́ di tiwa, ṣe ló mú kí ìtọ́jú náà pọ̀ sí i.

Mo fara mọ́ òfin Faransé ti 1989, tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀rọ wá ohun àtijọ́ láìgba àṣẹ, àti ti agbègbè Flanders ní Bẹ́ljíọ́mù, tó ti ń béèrè ìwé àṣẹ láti 2016. Ẹni tó rí bọ́tìnnì kan kò mọ ohun tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó sì ti gbé tirẹ̀ délé, bí ó bá ṣì rántí ibi tó ti hú u, kí ó lọ fi ibẹ̀ han àwọn tó ń bójú tó ibojì àwọn ológun. Lọ́dọọdún ni wọ́n ṣì ń rí òkú ní àwọn oko wọ̀nyẹn.