Òrùlé Mustang tó ń Falẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Houston fẹ̀yìn tì, ó sì ra mọ́tò tó ti ń wù ú tipẹ́: Ford Mustang ọdún 1966, olórùlé aṣọ, èyí tó máa ń ká ara rẹ̀ sẹ́yìn téèyàn bá ti fa súìṣì. Mustang olórùlé aṣọ tó jáde lọ́dún yẹn lé ní 70,000, nítorí náà pààtì rẹ̀ kò ṣòro rí ní Amẹ́ríkà. Ohun tó kó bá ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyẹn.

Àwọn tó tà á fún un ti kun mọ́tò náà ní ọ̀dà pupa tuntun. Ó wuni í wò. Àmọ́ òrùlé rẹ̀ ń falẹ̀ ṣáá: á dìde dé ìdajì, á máa gbọ̀n, páńpù tó wà lẹ́yìn ìjókòó á máa kérora. Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ pè kò yẹ nǹkan kan wò tó fi ní páńpù ti kú. Wọ́n pààrọ̀ páńpù. Kò yàtọ̀. Ó ní á jẹ́ pé sìlíńdà méjèèjì tó ń ti òrùlé sókè ni. Wọ́n pààrọ̀ ìyẹn náà, wọ́n da ọ́ìlì gíà tuntun sí i. Òfo ló já sí.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣú, ẹ̀gbọ́n mi di irin òrùlé mú, ó ń tì í.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Kí òjò wá ba ìjókòó mi jẹ́?”

Ẹ̀gbẹ́ kan ṣáájú èkejì, irin apá ọ̀tún wọ́, aṣọ náà sì ya ní igun. Ó dùn mí wọra.

Bàbá kan tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ti di iṣẹ́ rẹ̀ ló wá tú àṣírí náà. Kò ní ká ra nǹkan kan. Ó tú sìlíńdà kúrò lára irin, èmi àti òun fọwọ́ gbé òrùlé: ó gòkè wẹ́rẹ́, àfi apá tó wọ́ yẹn. Ó mú mítà, ó ní kí n fa súìṣì. Vóòtì 12 ń ti bátìrì jáde, 9 péré ló ń ṣiṣẹ́ lára páńpù. Ó wá fi ẹnu mítà kan kan ara páńpù, ó fi èkejì kan irin mọ́tò níbi tí kò sí ọ̀dà. Ó yẹ kí mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí òdo, àmọ́ ó fò dé 3.

Áàtì ni! Iná tó bá wọ páńpù gbọ́dọ̀ gba ara mọ́tò padà sí bátìrì; ọ̀nà ìpadà yìí là ń pè ní áàtì. Bàbá náà tú bóòtù tó de wáyà áàtì: ọ̀dà pupa tó nípọn ló wà lábẹ́ rẹ̀, tó ń dán bíi dígí. Àwọn tó kùn ún ti kun ibẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì de wáyà lé ọ̀dà lórí. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ìwọ̀nba ibi tí bóòtù ti ha án ni iná ń rí yọ́ gbà. Ó fi sáńpépà ha ibẹ̀ títí irin fi yọ, ó de wáyà padà. A fa súìṣì, páńpù ò kérora mọ́.

Iṣẹ́ mítà yẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, òun ló sì yẹ kó ṣáájú ọjà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bá òun béèrè páńpù àtijọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì àkọ́kọ́, nítorí ó dájú pé kò sóhun tó ṣe é. Mẹkáníìkì náà ti tà á mọ́ irin àlòkù. Irin òrùlé tó wọ́ ṣì wà níbẹ̀, owó tí wọ́n sì dá lé títọ́ rẹ̀ ju ti páńpù lọ.