Olùkọ́ Tí Kò Kọ́ni

Ẹni tí ó gba owó iṣẹ́ tí kò sì ṣe iṣẹ́ náà, olè ni. Kò sí ẹni tí yóò bá wa jiyàn bí ó bá ṣe ti káfíńtà tàbí aránṣọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan olùkọ́, ẹnu wa kì í gbà á mọ́.

Ní ọdún 1740, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Skọ́tílándì kan, Adam Smith, ẹni ọdún 17, wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Balliol ní Oxford. Láti Glasgow ni ó ti wá, níbi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Francis Hutcheson, ẹni tí ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni dípò Látìn kí ọ̀rọ̀ lè yé akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ó bá ní Oxford kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lo ọdún 6 níbẹ̀, ìwé tí òun tìkára rẹ̀ kà ni ó sì kọ́ ọ ju ẹnu olùkọ́ lọ. Nínú ìwé ńlá rẹ̀ tí ó jáde ní 1776, ó wí láìfi bò pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Oxford ti pa iṣẹ́ ìkọ́ni tì láti ọdún pípẹ́; àní wọn kò tilẹ̀ díbọ́n pé àwọn ń ṣe é mọ́.

Owó ni ó kà sí ìdí rẹ̀: owó olùkọ́ Oxford dájú, ì báà kọ́ni, ì báà sùn, ṣùgbọ́n ní Glasgow, apá kan oúnjẹ olùkọ́ ń ti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wá. Òtítọ́ wà níbẹ̀, síbẹ̀ ìṣe ọkùnrin náà tìkára rẹ̀ kò jẹ́ kí a gba gbogbo rẹ̀. Ní 1764, nígbà tí ó fi iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ ní Glasgow láàárín ọdún ẹ̀kọ́, bí ó tilẹ̀ ti fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀, ó wé owó olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ sínú tákàdá láti dá a padà. Wọ́n kọ̀ ọ́, pé àwọn ti rí gbà ju ohun tí àwọn san lọ. Kò gbọ́, ó fi agídí fi í lé wọn lọ́wọ́. Owó ha ni ó mú un ṣe èyí bí?

Ẹ̀yin olùkọ́ yóò wí pé Oxford jìnnà. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti kọ́ àwa, ẹnìkan wà tí ń ka ìwé àtijọ́ kan sí wa létí, tí a ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ di aláfojúdi. A kùn sí i ní yàrá ìsùn, a sì fi í ṣe àwáwí, nítorí ìwé wà nínú àpótí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a kò ṣí. Òun jẹ wá ní gbèsè. Àwa pẹ̀lú jẹ ara wa.

Ní ọdún tí ó kọjá, nínú kíláàsì àwọn tí Bíṣọ́ọ̀bù yóò gbé ọwọ́ lé lórí, ọmọbìnrin kan bi wá léèrè ìdí tí a fi ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́ tí kò tíì lè gbàgbọ́. Ohun tí a ti kọ sílẹ̀ ní ọdún 10 sẹ́yìn ni ó wà lọ́wọ́ wa. Ìdáhùn kò sí nínú rẹ̀. A ní kí ó jókòó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì a mú ìdáhùn wá, ó sì gbọ́ ọ, ó dúpẹ́; ṣùgbọ́n kò tún béèrè ohunkóhun mọ́.