Ìmọ̀: Àbínibí Ni Tàbí Ẹ̀kọ́?

Bóyá ènìyàn gbé ìmọ̀ wáyé láti inú ìyá rẹ̀ ni o, tàbí ayé ló kọ́ ọ, jẹ́ ọ̀kan nínú àríyànjiyàn tó pẹ́ jù láàárín àwọn amòye. John Locke, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọkàn ọmọ tuntun wé bébà funfun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan sí. Leibniz ní Jámánì ta kò ó: ó ní ọkàn ti ní tirẹ̀ nínú kí ẹ̀kọ́ tó dé. Bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń so mọ́ ara wọn ti tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà.

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń dàgbà máa ń na fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ jáde. Àwọn kẹ́míkà tí ṣóńṣó fọ́nrán náà bá pàdé lọ́nà ló ń fà á mọ́ra tàbí lé e sẹ́yìn, títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Ní àwọn ọdún 1940, Roger Sperry gé iṣan ojú àkèré, ó sì yí ẹyinjú rẹ̀ dorí kodò. Iṣan náà hù padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Bí eṣinṣin bá wà lókè, ìsàlẹ̀ ni àkèré ń fò sí, kò sì kọ́gbọ́n rárá. Èyí gbè lẹ́yìn Leibniz.

Ní àwọn ọdún 1960, David Hubel àti Torsten Wiesel rán ìpéǹpéjú ojú kan ọmọ ológbò pa fún bí oṣù mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n tú u, ẹyinjú náà kò lárùn, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń dá a lóhùn kò tó nǹkan mọ́. Ojú kejì ti gba ààyè rẹ̀. Ológbò tó ti dàgbà kò rí irú ìpalára bẹ́ẹ̀. Ti Locke nìyẹn. Ní 1981, Sperry, Hubel àti Wiesel jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ní 1991, àwọn olùwádìí kan, Carla Shatz wà lára wọn, fi hàn pé nínú ẹranko tí ojú rẹ̀ kò tíì là, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ẹyinjú ti ń ṣiṣẹ́: ìtagìrì ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sí èkejì bí ìgbì omi, láìsí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ìsopọ̀ àwọn tó bá jọ ta gìrì máa ń lágbára sí i. Ti àwọn tí kò bá ẹgbẹ́ wọn rìn máa ń já.

Nítorí náà, ohun àbínibí kì í ṣe ìmọ̀ tó ti parí, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn kò ṣófo. Iṣẹ́ ni wọ́n bí mọ́ ọpọlọ, iṣẹ́ náà ló sì ń tún ọpọlọ ṣe kí ayé tó dá sí i. Ohun tó kù fún àwọn amòye ni bóyá ìdánrawò tí kò ní olùkọ́, tí kò sì ní ohun tó ń wò, tọ́ sí orúkọ ẹ̀kọ́.