“Ọkùnrin Ni, Jẹ́ Kó Máa Lọ”

Kò sí ẹni tó ń gbé Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Okokomaiko tí kì í mọ̀ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá dé sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1983. Mátírẹ́ẹ̀sì á wà lórí ọkọ̀, àwọn òbí á máa wá yàrá kiri.

Ohun kan ni mo kíyè sí. Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin, ìyá rẹ̀ á bá a dé yàrá, á sì máa pè é lórí fóònù lálaalẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọkùnrin, a ó fún un lówó, a ó ní, “Ọkùnrin ni, jẹ́ kó máa lọ.” Ǹjẹ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Èmi náà ṣe é. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin wọ yunifásítì, mo ń fi gààrì àti owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, mo rò pé mo ti ṣe tèmi. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n n kò bi tèmi léèrè rí pé, “Èwo ni kò yé ọ?” Ọdún kejì ni mo tó gbọ́ pé ó ti fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì mẹ́rin lọ́dún kìíní. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin náà lẹ ní ọkùnrin ni mí.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun.

Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọdún kìíní kì í ṣe ọdún eré. Èsì rẹ̀ ni wọ́n ń rò pọ̀ mọ́ ti àwọn ọdún tó kù kí wọ́n tó mọ irú oyè tí ọmọ yóò gbà. Ní sẹ́kọ́ńdírì, tíṣà ń pe orúkọ, ó ń yẹ ìwé wò. Nínú gbọ̀ngàn tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ kún, ta ni yóò mọ ẹni tí kò wá? Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ọmọ tí a ti kọ́ pé ọkùnrin kì í sunkún, ojú máa ń tì í láti béèrè. Bí ilé kò bá sì béèrè rẹ̀, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn àti àwọn ọmọ Yahoo yóò béèrè rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, bí a bá ń tẹ̀lé e kiri, kò ní gbọ́n. Òótọ́ wà níbẹ̀. N kò ní kí a lọ bẹ olùkọ́ nítorí máàkì, ìbàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí a béèrè ọmọ yàtọ̀ sí kí a gbé e pọ̀n.

Nítorí náà, kí ìyá àti bàbá máa bi í lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pé: Kí lo kà? Èwo ló le? Ta lẹ jọ ń kàwé? Bí ó bá jẹ́wọ́ pé òun fìdí rẹmi, ẹ má kọ́kọ́ pariwo. Ẹ̀yin tí ẹ sì fi yàrá háyà fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, tí ìyá wọn wà lọ́nà jíjìn, ẹ bá wa béèrè wọn. Ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó.