Ta Li Ó Ni Eku Inú Àjà?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí lè dàbí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ eku ni, àti ti aáyán, àti ti ẹ̀fọn, àwọn àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè, tí wọ́n sì ń bá wa gbé inú ilé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ńlá kan wà nínú rẹ̀. Nígbà tí eku bá ń sáré lókè àjà lí òru, tí gbogbo ilé sì ń gbọ́ ọ, ta li ó ni ín? Lí ọrùn ta ni ẹrù rẹ̀ wà?

Ẹni tí ó bá mọ ìlú Ìlọrin yóò mọ̀ pé ìbéèrè yìí kì í ṣe eré. Nínú àwọn agbo ilé àtijọ́ ìlú náà, ògiri iyàrá ẹ̀gbọ́n ni ògiri iyàrá àbúrò, òrùlé kan náà li ó sì bo àwọn méjèèjì. Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ a máa gbé inú ọgbà kan, wọn a sì máa gbọ́ ìró eku kan náà. Bí ìyá kan bá fi ọmọrí dé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀, tí ìyàwó ilé kejì sì fi èérún oúnjẹ sílẹ̀ nídìí ààrò títí ilẹ̀ fi mọ́, eku yóò jẹun yó ní ibì kan, yóò sì bímọ sí ibì kejì. Oyún eku ilé kì í ju ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ọmọ púpọ̀ li ó sì ń bí lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà àìbìkítà ẹnìkan, láàárín oṣù díẹ̀, tó láti sọ gbogbo agbo ilé di ibùgbé eku.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ li ọ̀rọ̀ Odò Asà, tí ó la ìlú náà já. Nígbà tí òjò bá ṣú, ẹlòmíràn a gbé garawa pàǹtírí rẹ̀ jáde, a dà á sínú àgbàrá, a sì padà wọlé pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn pé òun ti tún ilé òun ṣe. Ṣùgbọ́n àgbàrá kì í pa pàǹtírí run, ó ń gbé e lọ ni. Yóò há sí ojú gọ́tà ẹni tí ń gbé ní ìsàlẹ̀, omi yóò dúró níbẹ̀, ẹ̀fọn yóò sì yé sí i. Láti ọdún 1897, nígbà tí dókítà Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn nílẹ̀ Íńdíà, kò sí ẹni tí ó lè sọ mọ́ pé omi dídúró kò pa ẹnikẹ́ni lára. A kò jiyàn pé ilé ẹni náà mọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ́tótó tí a fi àìsàn ọmọ ẹlòmíràn rà, orúkọ wo li à bá pè é?

Àwọn baba wa ti rí irú èyí rí. Lí ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń mú wá bẹ́ sílẹ̀ lí Èkó, ọdún púpọ̀ sì kọjá kí ó tó rọlẹ̀. Kòkòrò kékeré tí ń fò lí ara eku, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, li ó ń gbé àrùn náà láti ara eku wá sí ara ènìyàn. Lí ọdún 1928 ìjọba ìgbà náà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe, a sì wó ọ̀pọ̀ ilé. Nígbà tí a bá sì ń wó àdúgbò, a kì í bèèrè ẹni tí ó gbálẹ̀ àti ẹni tí kò gbálẹ̀.

Ti ọdún 1969 tilẹ̀ dun ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìlú Lassa, ní Ìpínlẹ̀ Borno ti òde òní, nọ́ọ̀sì míṣọ́n kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Laura Wine dùbúlẹ̀ àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. A gbé e lọ sí Jos, ó sì kú níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Charlotte Shaw, tí ó tọ́jú rẹ̀, kú pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni a ti mọ ibà Lassa. Eku kan tí ń gbé inú ìgbẹ́ àti inú ilé li ó ni àrùn náà. Kì í ṣe eku náà ní ibi, ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ bá kan gaàrí tí a sá sí ẹ̀bá ọ̀nà, tàbí oúnjẹ tí a kò bò, ẹni tí ó jẹ ẹ́ wà nínú ewu. Ẹ kíyè sí i pé Charlotte Shaw kò kó ikú rẹ̀ lọ́dọ̀ eku, bí kò ṣe lára ẹni tí ó ń ṣe lóore. Bí eku bá ti ba oúnjẹ ẹnìkan jẹ́, ìyà rẹ̀ lè dé orí ẹni tí kò wọ inú ilé náà rí.

Ẹnìkan lè dáhùn pé, “Ìjọba ni kí ó ṣe é.” Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ kíkó ìdọ̀tí sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì tọ́ kí a bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n a ti rí ibi tí agbára ìjọba dé. Ní ìgbà àwọn òyìnbó, wolé-wolé a máa yẹ àmù wò, àwọn ènìyàn a sì máa sáré da omi nù bí wọ́n bá ti gbúròó rẹ̀. Lí ọdún 1984, ọmọ bíbí ìlú Ìlọrin, Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn, kéde ogun lòdì sí ìwà àìníjàánu, ìmọ́tótó àyíká sì di ọ̀kan nínú ohun tí ogun náà dojú kọ. Ìjọba náà bọ́ kúrò lórí oyè lí oṣù kẹjọ ọdún 1985. Ìmọ́tótó tí ìbẹ̀rù nìkan bí kì í pẹ́ kí ó tó bá ìbẹ̀rù lọ. Wolé-wolé àti sójà lè wo ojúde wa. Ta ni nínú wọn li ó lè jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ wa lí òru?

Ẹlòmíràn a sì wí pé, “Èmi ti ra oògùn.” Níhìn-ín li a ní láti ṣọ́ra gidigidi. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos, àti ọ̀tapiapia tí wọ́n ń kiri lọ́jà, májèlé ni wọ́n. Bí ó ti ń ba iṣan ara kòkòrò jẹ́, bẹ́ẹ̀ li ó lè ṣe sí ti ènìyàn. Lí ọdún 2019 àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré dichlorvos káàkiri ọjà, nítorí àwọn tí ó ti ipasẹ̀ rẹ̀ kú. Síbẹ̀ a rí oníṣòwò tí ń fọ́n ọn sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ẹni náà gba ẹ̀wà là lọ́wọ́ kòkòrò, ó sì fi ẹni tí yóò jẹ ẹ̀wà sínú ewu. Bẹ́ẹ̀ ni bí a bá da ẹ̀wà gbígbẹ sínú àgbá, tí a dé e pinpin tí afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé, kòkòrò inú rẹ̀ yóò kú láìsí májèlé kankan. Ìkánjú li ó mú wa yan ọ̀nà tí ó rọrùn fún wa, tí ó sì léwu fún ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Eku kékeré lè gba ihò tí kò ju ìwọ̀n pẹ́ńsù ìkọ̀wé lọ kọjá. Ẹ jẹ́ kí a fi sìmẹ́ńtì dí i. Ẹ jẹ́ kí a bo oúnjẹ kí a tó sùn, kí a kó igi ìdáná àti àkísà jìnnà sí ògiri, kí a sì máa da omi inú táyà àti àkúfọ́ ìkòkò nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ẹyin ẹ̀fọn fi ń di ẹ̀fọn tí ń fò. Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí kò ní owó nínú. Èyí tí ó bá ní owó nínú, bí sìmẹ́ńtì àti àgbá onídèérí, kí ẹni tí ó ní ran ẹni tí kò ní lọ́wọ́, nítorí ihò ilé opó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ihò ilé tiwa ni.

Ohun tí ó ṣòro jù ni láti bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. A máa ń bẹ̀rù pé yóò bínú, a sì máa ń dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sì sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ jẹ́ kí a lọ bá a pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀sùn. Kí a jẹ́wọ́ ihò ilé tiwa ná, kí a tó nawọ́ sí tirẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé ìgbálẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́ bí pàǹtírí bá ti dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn.

Ta li ó ni eku inú àjà, nígbà náà? Ẹni tí ó ń bọ́ ọ li ó ni ín, àti ẹni tí ó mọ̀ tí kò sọ̀rọ̀, àti àwa tí a rò pé a ti lé e lọ nígbà tí ó kàn sá lọ sí iyàrá kejì. Kí olúkúlùkù wa wo àjà ilé rẹ̀ lí alẹ́ òní, kí ó sì kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀ lí ọ̀la.